Ẹ Di Ojú Ná

Nínú Death and the King's Horseman, eré tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan ń gbọ́ ìlù lálẹ́, kò sì mọ ohun tí ìlù náà ń wí. Ó pe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Joseph, pé kó wá túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Joseph tẹ́tí títí. Ó ní ó ń dún bí ikú ìjòyè ńlá, ó tún ń dún bí ìgbéyàwó ìjòyè ńlá, ó ti dàrú mọ́ òun lójú. Inú bí ajẹ́lẹ̀, ó lé e padà sí ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀, Joseph ò ṣìnà rárá. Ẹlẹ́ṣin tó fẹ́ bá ọba rẹ̀ lọ sọ́run ló tún ń gbé ìyàwó tuntun lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Etí ọmọ ọ̀dọ̀ ti gbọ́ gbogbo eré náà tán kí ọ̀gá rẹ̀ tó mọ̀ pé eré bẹ̀rẹ̀.

Joseph yìí ni mo ń rántí bí mo ṣe ń wo àwọn fíìmù ayé àtijọ́ tó ń tò jáde láti 2022: Aníkúlápó, Ẹlẹ́ṣin Ọba, Jagun Jagun, Lísàbí, House of Ga'a. Owó ti wọ iṣẹ́ náà, ó sì hàn. Ẹṣin wà, aṣọ òfì wà, ààfin alámọ̀ wà, kámẹ́rà ń fò lórí òrùlé bí àwòdì. Ẹni tó bá fi òpin ọ̀sẹ̀ kan wò wọ́n tẹ̀léra ní Adó-Èkìtì níbí, ojú rẹ̀ á yó bí ikùn ẹni tó jẹ iyán iṣu tuntun. Ojú yẹn náà la sì fi ń dá wọn lẹ́jọ́: adé yìí ò jọ ti ayé ìgbà náà, irun yẹn ti tòde òní jù, ta ló wọ bàtà yẹn fún ọdẹ? Kò burú. Àmọ́ etí ni mo fi ń dá wọn lẹ́jọ́ ní tèmi, torí pé èdè olóhùn ni tiwa, ìlù wa ń sọ̀rọ̀, orúkọ wa pàápàá gbólóhùn ni. Ọmọbìnrin kan wà nínú Jagun Jagun tó ń jẹ́ Ìròyìn-ogun-kì-í-tán. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa ti gbọ́ irú ilé tí wọ́n bí i sí.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán wọn wò ò le. Ẹ di ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ má ka ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ṣé ẹ lè sọ ibi tí a wà, bóyá ọjà ni tàbí oko tàbí ààfin? Ṣé ẹ mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀, láti inú bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn àti ẹni tó ń pe ẹnì kan ní "ẹ"? Ṣé ẹ mọ̀ bóyá àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán? Bí mẹ́ta yìí bá yé yín láìlajú, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ ló ṣe é. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan ju dùrù òyìnbó tó ń hó lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé àwòrán nìkan ni wọ́n rí owó ná sí.

Ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ, ẹ bá mi wá nǹkan kì bọ etí. Gbohùngbohùn kékeré tó wà nínú fóònù ò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ni ìdajì ọ̀rọ̀ tí ìyá-ìlù ń sọ. Ìlù tó ń bú ọba lórí ẹ̀rọ ńlá lè di "ko-ko-ko" lásán lórí fóònù. Ní ti dátà, Netflix fúnra rẹ̀ pín in báyìí: èyí tó kéré jù ń jẹ bí 0.3 GB ní wákàtí kan, ti àárín ń jẹ bí 0.7 GB, èyí tó mọ́ dáadáa (HD) lè jẹ tó 3 GB. Fíìmù wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú yóò jẹ nǹkan bíi 1.6 GB ní ti àárín. Ti àárín yẹn ni kí ẹ mú, kí ẹ sì wà á sílẹ̀ lóru kí ẹ tó wò ó, torí bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń já lẹ́nu wíwò, ibi tí wọ́n ti ń kì oríkì ló máa ń já sí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìlù.

Fíìmù tó ṣì wà lókè lójú tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá: Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Ìlù ni gbogbo ìtàn náà dúró lé. Ọba Jogbo gbọ́dọ̀ búra, kó sì gba gbẹ́rẹ́, kó tó dé adé idẹ. Lápité kọ̀, ó fẹ́ jẹun ìlú láìsí ẹni tó máa dá a lẹ́kun. Àmọ́ bí wọ́n bá lu ṣaworoidẹ sí etí ẹni tó dé adé náà láìgba gbẹ́rẹ́, orí fífọ́ ni yóò pa á. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọn ò nílò idà, wọn ò nílò iná tó ń jáde lẹ́nu babaláwo. Ìró ṣaworo tó ń mì létí ìlù ti tó láti mú kí ẹni tó ń wò ó di orí ara rẹ̀ mú. Nígbà tí sójà wá gba ìjọba, tí Lágàta fẹ́ fi ìbọn jọba, ìlù náà ló bá a lórí ìtẹ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pa ohùn fíìmù yẹn, kí ẹ máa wo àwòrán nìkan. Kò ní sí ìdí kankan tí ọkùnrin náà fi kú.

Ìdánwò kejì tí mo ń fún fíìmù nìyẹn: bí a bá yọ ìlù kúrò, ṣé nǹkan kan bàjẹ́? Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tuntun, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìlù wà níbẹ̀ bí iyọ̀ tó dà sí ọbẹ̀ ẹlòmíì. Dùndún ń dún ní ojúbọ Ọbàtálá, bàtá ń dún níbi tí ọdẹ ti ń ṣípà ẹgbẹ́ wọn tó kú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìgbìn ni ìlù Ọbàtálá, bàtá ni ti Ṣàngó àti egúngún, ìpèsè ni ti Ifá, àgẹ̀rẹ̀ ni ti Ògún àtàwọn ọdẹ, gbẹ̀du sì ni ti ọba. Kì í ṣe gbogbo ààfin ni gángan yẹ, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ni dùndún jẹ́ ìlù ìbílẹ̀ fún. Ọ̀yọ́ ló ni ín kó tó tàn káàkiri. Owó kékeré ló ń tún èyí ṣe. Onílù kan ṣoṣo tí wọ́n bá pè wá ka ìwé eré kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ yóò yọ ìdajì àṣìṣe náà. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yàwòrán ni wọ́n máa ń pè é, wọ́n á ní kó "lu nǹkan kan," òun náà á sì lu nǹkan kan lóòótọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń to ohùn fíìmù pọ̀ kì í fẹ́ gbà. Ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n lè fi ìlù sábẹ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, kó kàn máa mú kí àyà já. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá-ìlù ń sọ̀rọ̀ ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, etí Yorùbá kò sì lè gbọ́ ọ láìgbìyànjú láti mọ ohun tó ń wí. Bí òṣèré bá wá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ènìyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yẹn. Ohun tó ń fa kí ẹ máa sọ pé "mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ẹ dá a padà" nìyẹn, nígbà tí ohùn òṣèré náà mọ́ gaara. Kí wọ́n dín ìlù kù nìkan ò tó, torí ìlù tó rọra ń sọ̀rọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá-ìlù dákẹ́ nígbà tí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀, kí gúdúgúdú, agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa bá ọ̀rọ̀ rìn, kí ìyá-ìlù wá dáhùn nígbà tí òṣèré bá mí. Bí onílù ṣe ń ṣe níbi àríyá gidi náà nìyẹn. Kò sí onílù tó gbọ́n tó máa ń já lu baálé lẹ́nu.

Ẹlẹ́ṣin Ọba, fíìmù tí Bíyì Bándélé fi eré Ṣóyínká yẹn ṣe kí òun fúnra rẹ̀ tó kú ní oṣù kẹjọ 2022, kí àwọn ènìyàn tó rí fíìmù náà, wọ ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó dùn mí. Òyìnbó ni Ṣóyínká fi kọ eré náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ló wà nísàlẹ̀ gbogbo gbólóhùn rẹ̀. Fíìmù náà wá dá ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu àwọn tó ni ín: Ẹlẹ́ṣin àti Ìyálọ́jà ń sọ Yorùbá, ajẹ́lẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ tiwọn. Bí wọ́n bá wà lọ́jà, mo lè di ojú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀dúnladé Adékọ́lá, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí apanilẹ́rìn-ín, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, Shaffy Bello sì mọ ìgbà tó yẹ kí Ìyálọ́jà má pariwo. Nígbà tí a bá dé ilé ajẹ́lẹ̀, eré náà máa ń tutù lójú mi. Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ìlù ọ̀nà jíjìn ti máa ṣiṣẹ́, torí ohun tí Joseph ń gbọ́ ní yàrá yẹn ló yẹ kí àwa náà máa gbọ́, kí àyà wa máa já kí ti ajẹ́lẹ̀ tó já.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìlù ká bọ́ sórí ẹnu. Ariwo pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ lọ wá ibi tó dákẹ́ láti yàwòrán ayé àtijọ́ ní gbàgede Adó tàbí ní ìlú èyíkéyìí, ẹ ó rí i: ọ̀kadà ń kọjá, jẹnẹrétọ̀ ń hó, ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn wàásù, òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Kámẹ́rà lè yí ojú kúrò lára wáyà iná, àmọ́ máíkì kì í yí etí. Bí wọ́n bá fi máíkì kékeré pamọ́ sínú agbádá, aṣọ òfì á máa há a lára, yóò máa dún "ṣà-ṣà-ṣà" bí òṣèré bá ṣe ń gbọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ orí ọ̀pá gígùn lókè orí ló dára jù fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n dì mú, kò sì gbọdọ̀ ju bí ìgbọ̀nwọ́ méjì sí ẹnu òṣèré. Kí wọ́n tó kúrò níbi iṣẹ́, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí wọ́n gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n á fi lẹ ojú àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Fíìmù tí wọn ò gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún ni ẹ ó ti máa gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń wà, tó ń poora, tó tún ń wà, bí ẹni ń ṣí fèrèsé tó ń tì í.

Bí ohùn bá bàjẹ́ pátápátá, wọ́n á pe òṣèré padà sínú yàrá kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, kí ó bá ètè rẹ̀ lójú àwòrán mu. Ibí yìí ni èdè wa ti ń dẹ ìkẹ́kùn tí àwọn òyìnbó ò ní irú rẹ̀. Ètè ò mọ ohùn. Ọkọ tó fẹ́ obìnrin, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, bákan náà ni ètè ń ṣe sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òṣèré tó ti rẹ̀ lè tún gbólóhùn sọ kí ó bá ètè mu régé, kí balógun máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun pé kí wọ́n ju ọkọ̀ lu ọ̀tá. Ẹni tó ń fi ojú ṣọ́ ìbámu nínú yàrá ò ní rí àṣìṣe kankan. Ó yẹ kí ẹlòmíì tó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ jókòó níbẹ̀, kí ó kọ ẹ̀yìn sí àwòrán, kó máa gbọ́ nìkan. Mi ò ní dárúkọ fíìmù tí èyí pọ̀ sí jù. Ẹ ó gbọ́ ọ fúnra yín.

Aníkúlápó wá dùn mọ́ mi nítorí pé ẹnu ló pa ọ̀gbẹ́ni náà. Sàró ahunṣọ, tí ẹyẹ àkàlà jí dìde, tí ó wá ní agbára àtijí òkú, ṣé ogun ló ṣẹ́gun rẹ̀ ni? Ìyàwó rẹ̀, Àrólákẹ́, tó bá a jìyà, ni Sàró ṣẹ̀; ẹnu rẹ̀ gùn sí ọba, ó ń bèèrè ọmọ ọba kí ó tó jí àrẹ̀mọ. Kúnlé Afọláyan jẹ́ kí ohùn Sàró máa yí padà bí eré ṣe ń lọ. Níbẹ̀rẹ̀, àlejò tó ń wá ibi sùn ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fi "ẹ jọ̀ọ́" bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di àṣẹ. Ẹ di ojú, ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ náà, ẹ ó mọ ibi tó ti ń ṣubú kí ado tí agbára rẹ̀ wà tó ṣófo. Ó gùn jù fún mi, ìrìn àjò inú igbó yẹn lè dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kù kí nǹkan kan má ṣe é.

Jagun Jagun ńkọ́? Ìjà inú rẹ̀ dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Gbọ́tijà tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu jẹ́ èrò tó wuyì, torí ó fi ọ̀rọ̀ ṣe ohun ìjà. Ibi tí mo ti ń bá irú àwọn fíìmù yìí jà ni ọfọ̀. Wọ́n ti sọ ọfọ̀ di òkúta tí ẹni méjì ń jù lura wọn: ẹni tó bá pariwo jù ló borí. Ọfọ̀ gidi ní egungun. Ó ń pe orúkọ ohun kan, ó ń sọ ìwà tàbí ìṣẹ̀dálẹ̀ ohun náà, ó sì ń fa iṣẹ́ tí a fẹ́ jáde láti inú orúkọ yẹn. Pèrègún ni yóò ní kí ire máa pè mí. Ìyeyè ni yóò ní kí n yè. "Pè" wà nínú pèrègún, "yè" wà nínú ìyeyè; ìró ló ń ṣiṣẹ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ ọfọ̀ nínú fíìmù, ẹ wá ìró tó pàdé ìró. Bí ẹ kò bá rí i, tó jẹ́ "mo pàṣẹ, mo pàṣẹ" nìkan ló wà níbẹ̀, àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè ni òǹkọ̀wé náà rí, ó kàn wọ̀ ọ́ ní gbérí ọdẹ. Ọfọ̀ kì í sì í fẹ́ ariwo. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń pè é kíákíá, ní ohùn tó lọ sílẹ̀, bí ẹni ń ka owó.

Irú ìró tó ń pàdé ìró yìí ló ṣe ohun tó burú jù nínú ìtàn Baṣọ̀run Gáà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, The History of the Yorubas, pé Gáà ń wá àgbọ̀nrín fún ètùtù, kò tètè rí i, ló bá ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún, Àgbọ́nyìn, nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ti ẹran náà. Wọ́n pa ènìyàn nítorí ìró orúkọ. Bí House of Ga'a bá dé ibi ikú ọmọ yìí, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á gbọ́ ìkà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí wọ́n hù sí ọmọ àti èyí tí wọ́n hù sí èdè. Ẹni tó ń ka òyìnbó nísàlẹ̀ á rí ikú ọmọ ọba kan, ó tán. Kò sí olùtumọ̀ tó lè gbà á là, àyè ni ò sí. Òfin Netflix ni pé ìlà kan ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà méjì ló pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, kí àgbàlagbà sì má kà ju nǹkan bíi lẹ́tà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin nìyẹn fún lẹ́tà 80. Apohùn tó gbọ́n lè tú oríkì ìran mẹ́ta jáde nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin láìmí. Ẹ ò rí i pé "Ọba tó tóbi" ni gbogbo oríkì máa ń di nísàlẹ̀? Ẹ má bínú sí olùtumọ̀. Ẹ pa nǹkan ọ̀hún, ẹ gbọ́.

Ariwo àwọn òṣèré àgbà náà ní orísun, ẹ má kàn sọ pé wọn ò mọṣẹ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì wa níbí, tó kú ní 1973, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe eré nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti gbangba ìta, níbi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sórí fíìmù, ó bọ́ sórí fídíò, ohùn gbọ̀ngàn sì tẹ̀ lé e wọ yàrá. Bàbá méjì tó jókòó ti ara wọn lórí ẹní kan náà á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni wà ní òdìkejì odò.

Ìbọn nìkan ló kù kí n tó bọ́ sórí ohun tó ń ká mi lára jù. Ṣakabùlà kì í yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra. Ènìyàn á da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, á fi nǹkan dí i, á kó ọta sí i, á tún dí i, á fi ọ̀pá irin kì í mọ́lẹ̀, á wá fi ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná ti ń ràn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, iná á kọ́kọ́ ṣẹ́jú, ìbọn á tó ró, èéfín á bo gbogbo ojú. Ìdúró kékeré tó wà láàárín iná àti ìró yẹn, fíìmù bíi mélòó ni ẹ ti gbọ́ ọ? Ìbọn sinimá Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Èkìtì, kò yẹ ká gbà á. Ogun tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèngbé Iléṣà jà, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ológun ò sì tú ká títí di 1893, ìró ìbọn tó ń ró láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Kírìjì. Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, tó ń yára ju ṣakabùlà lọ dáadáa. Ẹni tó wà lórí òkè tí kò rí ojú ogun lè mọ ẹgbẹ́ tó ń yìn láti inú bí ìró ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ fún olùdarí tó bá létí ní ohun yìí, ẹ fún un ní òkè Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìdájí kí ọ̀kadà tó jí, kí ó gba ìró ìbọn kan ṣoṣo àti gbohùngbohùn òkè sílẹ̀. Kò nílò ẹgbẹ̀rún jagunjagun.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni pé Ọ̀yọ́ ni gbogbo ọba ń sọ. Ẹ wo fíìmù mẹ́wàá, ìlú mẹ́wàá, ẹ̀ka-èdè kan. Mo mọ ìdí: èdè ìwé ni, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbọ́ ọ, ọjà ń bẹ fún un. Ìtàn Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ nínú wọn náà, kò sì sí ẹni tó máa ní kí Aláàfin sọ Èkìtì. Àmọ́ nígbà tí òǹkọ̀wé bá dá ìlú sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀, tó fi òkè yí i ká, tó fún un ní orúkọ tó jọ tiwa, kí ló dé tí ahọ́n ibẹ̀ ò lè jọ tiwa? Ẹni tó ní ẹ̀ka-èdè lẹ́nu nínú fíìmù, ẹ ó rí i pé aṣọ́gbà ni, tàbí ìyá àgbà tó ń ta ewé, tàbí ọmọ oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ńlá. Bó bá ti la ẹnu, ẹ̀rín ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá tó ń sun àlámọ̀ lágbègbè yìí ń sọ ohun tí kò ṣe é fi rẹ́rìn-ín rárá, Èkìtì paraku ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́.

Kò le bí wọ́n ṣe ń rò ó. Kò pọn dandan kí gbogbo eré jẹ́ Èkìtì ponbele tí ará Ìbàdàn ò ní gbọ́. Kí wọ́n mú ìdílé kan, bóyá ààfin, kí wọ́n fún wọn ní ohun díẹ̀ tí kò ní yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "ulé" dípò ilé, "usu" dípò iṣu, "ùlú" dípò ìlú. Etí òǹwòran á ti mọ̀ ọ́n kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí òṣèré rántí rẹ̀ ní ìran àkọ́kọ́, kó gbàgbé rẹ̀ níbi tó ti ń bínú. Ẹni kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti gèlè. Kí ó sì jẹ́ ará ibì kan pàtó, torí ti Adó kì í ṣe ti Ọ̀tùn ní ilẹ̀ Mọ̀bà, ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ á ṣe ohun tí kò sí ìlú tó ń sọ ọ́. Orúkọ oyè náà ńkọ́? Ewì ló wà ní Adó, Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀ọ̀rẹ̀ ní Ọ̀tùn, Ajerò ní Ìjerò, Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí wọ́n ṣe ń kì í. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú irú ọba bẹ́ẹ̀ jókòó sórí ìtẹ́ nínú fíìmù olówó ńlá, kí àwọn ìjòyè wólẹ̀, kí ìlù dákẹ́, kí ó wá sọ pé "ulé," kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.